Ta ló ti dé House Mill, ilé ọlọ olómi tó wà ní Bow ní London, rí?

Ìyá Ìbejì E15: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gba ẹ̀gbẹ́ House Mill kọjá lọ sí Tesco, àfi Sunday tó kọjá ni mo tó kó àwọn ìbejì wọbẹ̀. 1776 ni wọ́n kọ́ ọ! Bí omi òkun bá kún wọ odò Lea, wọ́n á sé e mọ́. Tó bá wá ń fà, wọ́n á ṣí i sílẹ̀, àgbá kẹ̀kẹ́ mẹ́rin á máa yí, ọlọ méjì-méjì lọ́nà méjìlá á máa lọ ọkà. Ẹ sọ tiyín.

Deaconess: Mo ti kó àwọn ọmọ Sunday school wa débẹ̀. "Oúnjẹ òòjọ́ wa" ni mo fi kọ́ wọn.

Àkànní: Màmá, ọtí jíìnì ni wọ́n ń fi ọkà yẹn ṣe nígbà náà o 😂

Deaconess: Ẹ̀jẹ̀ Jésù!

Bọ̀dé: Ṣé kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ṣì ń yí?

Ìyá Ìbejì E15: Rárá. Àtìgbà ogun Hitler ló ti dákẹ́. Ẹnu ni wọ́n fi ń júwe ẹ̀.

Bọ̀dé: Ẹ sanwó lọ wo ohun tó dúró. Ẹ kú ìnáwó.

Ṣadé Winchester: Tiwa ní Winchester níbí ń yí o! City Mill, 1743 ni wọ́n tún un kọ́. Ilẹ̀ tí mo dúró lé ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ra ìyẹ̀fun ẹ̀, mo fi dín púfpúf, ó le bí ẹyìn. Ọkọ mi ní ṣé ọlọ náà ni mo dín ni.

Àkànní: Ọlọ ò jẹ̀bi, èèrí ọkà tó wà nínú ẹ̀ ni. Ìyàwó mi gbé ọlọ wá láti Ìsẹ́yìn nínú ẹrù kìlò 23. Ata tó bá lọ̀, blender ò lè ṣe é láéláé.

Bọ̀dé: Irọ́. Ata kan náà ni.

Ṣadé Winchester: Bọ̀dé, o ò tíì jẹ ata rí nìyẹn.

Bàbá Ruth: Mo ṣe sikiọ́rítì alẹ́ ní àdúgbò House Mill yẹn. Ère ọwọ́ tó di ara wọn mú wà nítòsí ibẹ̀. Lọ́dún 1901, òṣìṣẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, afẹ́fẹ́ burúkú mú un. Àwọn mẹ́ta tó wọlé lọ gbé e, ọ̀gá ibiṣẹ́ wà lára wọn, wọn ò jáde. N kì í lè gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóru.

Ìyá Ìbejì E15: Háà. A ò tiẹ̀ yà síbẹ̀.

Àkànní: Bàbá mi gbẹ́ kànga jẹun. Fìtílà ló máa ń kọ́kọ́ fi okùn sọ̀ sísàlẹ̀. Bí iná bá kú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọlé.

Deaconess: Àkànní, ọlọ Ìsẹ́yìn yẹn, ṣé ẹ lè yá mi di Sátidé?