Ojú àwọ̀n, ìwọ̀ jig àti squid Falkland: kí ló ń dá irú sí?

Akẹ́kọ̀ọ́Òkun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Doryteuthis gahi, squid (ẹran òkun alára rírọ̀ tó ní apá púpọ̀) kékeré tí wọ́n ń fi àwọ̀n fífà kó ní erékùṣù Falkland, ní gúúsù òkun Atlantic: bí a bá fẹ ojú ìdí àwọ̀n (àpò ìparí rẹ̀ tí ẹrù ń kó sí) láti 90 mm sí 110 mm, ṣé èyí tó jáde á tó dá irú sí? Báwo la sì ṣe ń wọn ohun tó jáde?

Aláwọ̀n: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ bo ìdí àwọ̀n náà níta. Kí ìbòrí yìí fi ìdajì fẹ̀ jù ú, kó sì fi ìdajì gùn jù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á dí ojú rẹ̀. Ẹ ka ti inú lọ́tọ̀, ti ìbòrí lọ́tọ̀. Ẹ wọn gígùn àpò ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gígùn tí àwọ̀n ti mú ìdajì, tí ìdajì sì lọ, òun ni L50.

Ara squid rọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ẹrù bá ti wúwo, ojú àwọ̀n á fà gùn, á pa dé, squid á tún lẹ̀ dí i. Nígbà náà 110 mm ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju 90 lọ. Ẹ dín àkókò fífà kù.

Oníṣirò: Kò lè tó. Squid yìí kì í gbé ayé ju nǹkan bí ọdún kan lọ: ó yé ẹyin, ó kú. Kò sí àgbà nílé tó máa yé lọ́dún tí ọmọ bá bàjẹ́. Awọ èyí tó fún ara rẹ̀ gba ojú àwọ̀n sì lè bó. Ẹ má kà á sí èyí tó yè. Ohun tí Falkland ń ṣọ́ ni iye tó ṣẹ́kù láti yé, 10,000 tọ́ọ̀nù ó kéré tán.

Bí a ṣe ń ṣírò iye tó ṣẹ́kù nìyí: ká ní ọkọ̀ ń kó tọ́ọ̀nù 2 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn tí gbogbo ọkọ̀ ti kó 20,000 tọ́ọ̀nù, ó já wá sí 1. Ẹ ya ìlà tó ń fi ìkórè wákàtí kan hàn bí àpapọ̀ ohun tí a ti kó ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ fà á dé òdo: ó kan 40,000. Ó ku 20,000, ẹ sì yọ èyí tó máa kú fúnra rẹ̀. (Nínú iṣẹ́ gidi, iye orí là ń lò, torí wọ́n ń dàgbà kíákíá.) Bí ìkórè bá dédé gòkè, tí gígùn àárín sì kúrú, ọ̀wọ́ tuntun ló wọlé: ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn lọ́jọ́ náà. Ojú àwọ̀n ńlá kì í jẹ́ ká rí ọ̀wọ́ yẹn títí wọ́n á fi dàgbà.

Akẹ́kọ̀ọ́Òkun: Ẹ ṣeun gan-an. Ti jig, ìwọ̀ tí wọ́n ń fà sókè sódò nínú omi, ńkọ́?

Aláwọ̀n: Illex argentinus, irú squid mìíràn, ni wọ́n ń fi í mú; wọ́n ń fi iná fà á lóru. Èyí tó tóbi máa ń já bọ́ nígbà tí apá rẹ̀ bá ya lára ìwọ̀, nítorí náà ìwọ̀n tó dé orí ọkọ̀ kì í ṣe ìwọ̀n tó wà nínú omi. Iná tún ń kó wọn jọ, ìkórè òru kan lè dúró bó ṣe wà nígbà tí òkun ti ń ṣófo. Ẹ má gbé ìlà Oníṣirò lé e láìwo iye ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n ń sún lọ.