Kernel tuntun wọlé, kọ̀ǹpútà kọ̀ kò tàn: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin èèyàn mi, odidi òru kan ni ọ̀rọ̀ yìí gbà lọ́wọ́ mi, mi ò fẹ́ kó gba ti ẹlòmíràn.

Ubuntu ni mò ń lò, ọ̀kan lára àwọn ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà. Mo ṣe apt upgrade (àṣẹ tó ń gbé àwọn ètò tuntun wọlé) bí mo ṣe máa ń ṣe, kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, sì wà lára ohun tó wọlé. Ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá lójú ẹ̀rọ pọ̀, mi ò kà á. Mo pa á, mo tún un tàn, ohun tí mo rí nìyí:

Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)

Ó sì dúró gbagidi. Àyà mi já. Mo ní dísíìkì ti kú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n nu gbogbo rẹ̀ kí n gbé Ubuntu mìíràn lé e. Ọpẹ́ ni pé mi ò ṣe é, torí dísíìkì kò ní àrùn kankan.

Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ initramfs. Inú rẹ̀ ni kernel ti ń rí driver, ìyẹn ètò kékeré tó máa fi dá dísíìkì mọ̀. Tí fáìlì yẹn ò bá sí, kernel á jí, àmọ́ kò ní rí ọ̀nà ilé. Òdo méjì tó wà nínú àkámọ́ yẹn, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò rí dísíìkì kankan rárá.

GRUB, ètò tó ń jẹ́ ká yan kernel tí ẹ̀rọ máa fi tàn, ló yọ mí. Bí ẹ̀rọ ṣe ń tàn ni mo tẹ Esc (tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi BIOS àtijọ́ tàn, Shift ni kí ẹ dì mú), mo wọ "Advanced options", mo yan kernel tí mò ń lò tẹ́lẹ̀. Ó tàn wẹ́rẹ́. Mo tẹ df -h /boot láti wo àyè tó kù ní /boot, ibi tí kernel àti initramfs ń gbé, ó ní 100% ti kún. Àwọn kernel àtijọ́ ti kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, initramfs tuntun kò ráyè jókòó. "No space left on device" ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí mi ò kà yẹn látìbẹ̀rẹ̀!

Mo kọ́kọ́ tẹ uname -r, tó ń sọ kernel tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́, kí n má baà yọ èyí tí mo dúró lé lórí. Mo wá yọ àwọn tó ti gbó, mo ṣe dpkg --configure -a láti parí ohun tó dúró lágbede méjì, mo fi update-initramfs -c -k pẹ̀lú nọ́ńbà kernel tuntun ṣe initramfs rẹ̀, mo parí rẹ̀ pẹ̀lú update-grub kí GRUB lè rí i.

---

Ẹ kú ewu o. Arch (Linux mìíràn) ni tèmi, kò sì sí panic níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣe pacman -Syu (bíi apt upgrade tiyín), mi ò mọ̀ pé ìpín dísíìkì tó wà fún /boot kò mount, ìyẹn ni pé kò so mọ́ ètò. Inú fódà lásán ni kernel tuntun bọ́ sí. Nígbà tí mo tún un tàn, kernel àtijọ́ ló jí, ṣùgbọ́n pacman ti kó àwọn module rẹ̀ (àwọn ẹ̀yà kernel bíi driver) kúrò ní /lib/modules. Ó wá ń ké pé "unknown filesystem type 'vfat'", torí kò rí module tó máa fi ka ìpín /boot. Mo ń tú fstab, fáìlì tó ń sọ ìpín tí ẹ̀rọ máa mount, wò fún wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ fstab kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìgbà tí mo rí i pé nọ́ńbà uname -r àti ti /lib/modules ò bára mu ni ojú mi là. Mo fi fláàṣì tí Arch wà lórí rẹ̀ wọlé, mo mount ìpín méjèèjì (ti ètò àti ti /boot), mo fi arch-chroot wọ inú ètò orí dísíìkì, mo sì fi pacman -S linux tún kernel gbé wọlé. Ó tán.

---

Tèmi tàn, ojú ẹ̀rọ ló dúdú kirikiri. Káàdì NVIDIA ni. Mo tẹ lẹ́tà e ní GRUB, mo fi nomodeset (kí kernel má fọwọ́ kan ètò àwòrán káàdì) kún ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, mo tẹ Ctrl+X, mo wọlé. DKMS ló ń kọ́ module NVIDIA fún kernel kọ̀ọ̀kan; dkms status fi hàn pé kò sí module fún kernel tuntun, torí linux-headers rẹ̀, àwọn fáìlì tí DKMS nílò láti kọ́ ọ, kò sí. Mo gbé e wọlé, mo ṣe dkms autoinstall. Látìgbà náà, mi ò tún ẹ̀rọ tàn láìkọ́kọ́ wo dkms status.