Ṣé kí n wo fíìmù adẹ́rùbani yìí nígbà tí ọmọ jòjòló wà lọ́wọ́ mi?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo fẹ́ràn fíìmù adẹ́rùbani, pàápàá èyí tí kì í kánjú: ìyá kan, ọmọ kan, ilé tí iwin ń gbé, tí ẹ̀rù á máa wọ èèyàn lára díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá The Babadook, èyí tí Jennifer Kent ṣe ní Ọsirélíà lọ́dún 2014. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ báyìí. Àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, oorun mi ò tó nǹkan, ọkọ mi sì ní kí n má wò ó rárá. Ṣé kí n wò ó, àbí kí n dúró títí màá fi gba ọmọ lẹ́nu ọmú?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ewu ọmọ o. Opó ni ìyá inú fíìmù yẹn. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń gbé e lọ bímọ ni jàǹbá ọkọ̀ pa ọkọ náà. Láti ìgbà yẹn, kò lè rí ọmọ náà kó má rántí ikú. Iwin kọ́ ló dẹ́rù bà mí níbẹ̀, àìsùn ìyá náà ni, àti bí ohùn rẹ̀ ṣe ń le sí ọmọ rẹ̀ títí ó fi fẹ́ pa á. Tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Onífíìmù: Ẹ wo The Others (2001) dípò rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Áà, rárá o! Ẹ rántí bí ìyẹn ṣe parí. Ó burú fún abiyamọ ju èyí lọ.

Màmá Tuntun: Èmi wo The Babadook nígbà tí ọmọ mi kéré, ó sì tù mí nínú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó lè rẹ ìyá débi tí á fi kanra mọ́ ọmọ tó fẹ́ràn. Fíìmù yẹn sọ ọ́ ní gbangba. Àmọ́ ẹ má dá nìkan wò ó.

Agbẹ̀bí: Àbúrò mi, ṣé ọmọ ló ń jí yín, àbí ẹ kì í rí oorun sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn? Bó bá jẹ́ èkejì, tàbí tí ẹ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ẹ rí dókítà lónìí. Obìnrin 1 tàbí 2 nínú 1,000 tó bímọ ni irú àìsàn ọpọlọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe, ó sì sábà máa ń yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ó ní ìwòsàn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọmọ ló ń jí mi. Bó bá ti sùn, èmi náà á sùn lọ fọnfọn. Màá dúró di ìgbà tí oorun mi bá padà bọ̀ sípò, kí èmi àti ọkọ mi jọ wò ó lọ́sàn-án.