Epo ẹja oníyẹ̀fun mi ń rùn, ẹ gbà mí o

IyaIbeji_Kubwa: Ẹ̀yin ará mi, ògì gbígbẹ fún ọmọdé ni mo ń ṣe ní Kubwa níbí, mo máa ń po epo ẹja tí wọ́n ti sọ di pàúdà mọ́ ọn, èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù (oje igi tó ṣe é jẹ) bò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, mo ṣí ike ẹ̀, òórùn ẹja bíbàjẹ́ ló gbá mi nímú. Ṣebí wọ́n ní tí wọ́n bá ti bò ó kò ní bàjẹ́ mọ́ ni?

Baba_Zaria: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bíbò yẹn ò di gbogbo ẹ̀ pa o, epo díẹ̀ máa ń kù sára pàúdà níta, òun ni afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Omega-3, ìyẹn ọ̀rá aṣaralóore inú epo ẹja, sì yára bàjẹ́ ju òróró ẹ̀pà lọ dáadáa. Ibo lẹ gbé e sí?

IyaIbeji_Kubwa: Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sà, nínú ike funfun 🙈

Baba_Zaria: Háà! Pẹ̀lú ooru Abuja yìí! Náílọ́ọ̀nù onífádákà ni kẹ́ ẹ dì í sí, kékeré kékeré, kẹ́ ẹ fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, kó wọ fíríìjì. Ẹ má sì ki ṣíbí tútù bọ̀ ọ́, tí omi bá kàn án gọ́ọ̀mù yẹn á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ra, epo á jáde.

Dele_Jabi: Ẹ tún bi ẹni tó tà á bóyá ó fi fítámì E, tí kì í jẹ́ kí epo tètè bàjẹ́, sí epo náà kó tó bò ó. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń fi èròjà irin sí ògì yẹn, ẹ ya òun àti pàúdà epo yìí sọ́tọ̀, irin àti bàbà (kọ́pà) máa ń mú epo tètè bàjẹ́.

IyaIbeji_Kubwa: Èyí tó kù ńkọ́, ṣé tí mo bá sè é dáadáa?

Baba_Zaria: Ẹ dà á nù mà, síse ò lè tún un ṣe.