Nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn, ọkàn ló sì ń dùn mí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Challenge
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀.

Aṣọ ni mò ń rán ní àdúgbò Challenge n'Íbàdàn, ó ti tó ọdún 17. Ọmọ ọdún 43 ni mí, mo bí mẹ́ta. Láti bí oṣù márùn-ún ni nǹkan kan ti ń ṣe mí tí mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Mi ò ṣọ̀fọ̀, olè ò jà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jí, àyà mi á ti wúwo bíi pé wọ́n gbé odó lé e. Aṣọ tí mo máa ń rán parí lọ́jọ́ kan ti ń gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rín tí mò ń rín sí oníbàárà, tipátipá ni. Lálẹ́, oorun ò ní kùn mí, màá kàn dùbúlẹ̀ máa wo àjà títí àkùkọ á fi kọ. Bí ọmọ bá ṣèèṣì ju ṣíbí sílẹ̀, mo ti lọgun mọ́ ọn. Kò ní pẹ́ tí màá fi wọ yàrá lọ, tí omi á máa bọ́ lójú mi nítorí ṣíbí. Adìyẹ bà lókùn ni ilé wa báyìí: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní sẹ́ńtà ìlera àdúgbò. Ó ga díẹ̀, kò tíì burú. Nọ́ọ̀sì bi mí pé wákàtí mélòó ni mò ń jókòó lójúmọ́. Mo kà á, ó jẹ́ 11. Ó ní kí n máa rìn, kí n máa ṣe eré ìdárayá, pé ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ọkàn mi náà á sì fúyẹ́.

Ibẹ̀ ló ti rú mi lójú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, ọkàn ló ń dùn mí. Báwo ni tọ̀hún ṣe kan tibí? Nígbà tí mo sọ fún ìyá ọkọ mi, wọ́n ní, "Kí èèyàn máa rìn láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́? Kí ló sọnù tí o ń wá?" Ọkọ mi kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe é tó rí àyípadà nínú ọkàn rẹ̀? Mi ò béèrè nípa ikùn o.

Ọmọ Mẹ̀sí Ọ̀gọ̀
Ìyá, ẹ lọ gba owó aṣọ tí àwọn èèyàn jẹ yín. Ọkàn yín á fúyẹ́ ju ti ẹni tó sáré dé Ọ̀yọ́ lọ 😀

Alábàárù Bódìjà
Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tèmi. Láti aago 6 àárọ̀ ni mo ti ń gbé àpò ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà Bódìjà, ó di aago 5 ìrọ̀lẹ́ kí n tó sọ̀ ọ́. Bí ara lílò bá ń mú inú èèyàn dùn, ó yẹ kí n ti máa fò sókè bí ewúrẹ́. Inú mi ò dùn o. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Aránṣọ, ọmọ mi, jẹ́ kí n pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó yẹ̀ ọ́ wò yẹn gbọ́n. Ìbéèrè Alábàárù náà lágbára, màá padà sí i.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹsẹ̀ rẹ náà ló ń lọ sí ọpọlọ rẹ. Bí o bá rìn kíákíá, ẹ̀jẹ̀ á yára, ara á sì tú àwọn èròjà kan sílẹ̀ tó ń mú kí èèyàn rí ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Endorphin ni gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2021 àwọn olùwádìí kan ní Hamburg, ní Jámánì, fún àwọn tó ń sáré ní oògùn tó ń dí endorphin lọ́nà, síbẹ̀ ara wọn yá lẹ́yìn eré náà. Èròjà mìíràn ni wọ́n wá ń tọ́ka sí, èyí tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, tó bá ohun tó wà nínú igbó tan. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èmi ni mo ní kó lọ mu igbó o.)

Oorun tún wà níbẹ̀. Ara tó jókòó fún wákàtí 11, ojú rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, ọrùn rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ara fúnra rẹ̀ kò tíì ṣe ohun tó fi yẹ kó sùn. Ẹni tí kò sì rí oorun sùn, ṣíbí tó bọ́ sílẹ̀ á dún létí rẹ̀ bí ìbọn.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1999. Wọ́n kó èèyàn 156 jọ, àwọn tó ti pé ẹni ọdún 50 sókè, tí dókítà ti rí i pé ìsoríkọ́ ń bá jà. Àwọn kan ń lo oògùn, àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn yòókù ń ṣe méjèèjì pọ̀. Oògùn ló kọ́kọ́ yára ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ 16, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn fi sàn. Kí ẹni tó wà lórí oògùn má torí èyí dà á nù o. Dókítà ń mójú tó àwọn yẹn ní gbogbo ìgbà.

Alábàárù, ọ̀rọ̀ rẹ kàn mí lára. Àwọn tó ń wádìí rẹ̀ náà ti rí i pé ara tí èèyàn lò nígbà tó ráyè, nítorí pé ó wù ú, ló ń ṣe ọkàn lóore. Èyí tó fi wá oúnjẹ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrù tí ebi gbé lé ọ lórí, kò jọ ijó tí ìwọ fúnra rẹ yàn láti jó, bí òógùn méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba. Ìsinmi ni ara tìrẹ ń fẹ́.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, ìrìn tí o fi lè máa sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o ò ní lè kọrin. Má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà ọ́. Fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, dá mi lóhùn. Ṣé ó ti wá sí ọ lọ́kàn rí pé ó sàn kí o má sí láyé?

Ọmọ Ìjọ
Ẹ̀mí ìbànújẹ́ nìyẹn, Ìyá. Ẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Alhájà Arìnrìn
Ọmọ Ìjọ, kò sẹ́ni tó kọ àdúrà. Èmi, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ kírun Àsùbáà ní mọ́sálásí, ìṣẹ́jú 12 lálọ, 12 lábọ̀. Nígbà tí orúnkún dá mi dúró sílé fún oṣù kan, ilé náà ni mo ti ń kírun, Ọlọ́run kan náà ni. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ gbogbo ènìyàn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìrìn yẹn náà ń ṣe nǹkan lọ́tọ̀. Ẹni tó sì fẹ́ gba ààwẹ̀, kó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì tó rí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Aránṣọ Challenge
Ẹ ṣé gan-an, Ìyá wa Nọ́ọ̀sì. Rárá, mi ò ro ikú. Ohun tí mò ń rò ni kí n wọ mọ́tò kan, kí n sọ̀ síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, kí n kàn sùn. Àwọn ọmọ mi nìkan ló ń dá mi dúró. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Má tijú. Máa rìn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bó o ṣe sọ ọ́ yìí gan-an. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, a ò ní sọ pé ìrìn nìkan tó. Tìrẹ ti di oṣù márùn-ún. UCH, ilé ìwòsàn ńlá yẹn, wà n'Íbàdàn níbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Bí èrò ikú bá sì fẹ́ yọjú, má dúró de ọjọ́ kankan, jí ọkọ rẹ, ẹ lọ lóru.

Ọmọ Mẹ̀sí Ọ̀gọ̀
Ẹ̀ka ọpọlọ kẹ̀? Àwọn èèyàn á ní wọ́n ti ń gbé Ìyá lọ sí Aro o.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Ẹ ti sọ Aro di èébú. Nígbà tí ilé ìwòsàn yẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954, ṣé o mọ ohun tí Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ṣe? Ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó yí i ká, kí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú kí wọ́n sì padà sáàárín èèyàn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó mọ̀ pé àdágbé ò wo ìdààmú ọkàn sàn. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí lọ rí dókítà.

Tíṣà Ọ̀yọ́
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Nígbà tí ọkàn tèmi rẹ̀wẹ̀sì lọ́dún tó kọjá, mo ra bàtà, mo ra aago, mo sáré kìlómítà 8 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orúnkún wú. Mo jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá ní ohun tuntun tí màá fi máa bú ara mi: ìwọ náà rèé, o ò lè parí nǹkan kan. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìṣẹ́jú 15 ni mò ń ṣe báyìí, mo máa ń pa ọjọ́ kan jẹ, mi ò sì ń bínú sí ara mi.

Ọmọ Yorùbá ní Manchester
Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe níbí, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà òtútù, kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Mo máa ń jí sínú òkùnkùn, màá lọ síbi iṣẹ́ nínú òkùnkùn. Ọdún kẹta tí mo débí ni mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́ lọ́jọ́ tí mi ò bá níṣẹ́.

Dókítà tí mo lọ rí kò kọ oògùn fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó bi mí bóyá màá lè bá àwọn èèyàn ṣe eré ìdárayá. Ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní England láti 2022 ka eré ìdárayá nínú ẹgbẹ́ mọ́ ìtọ́jú fún ìsoríkọ́ tí kò le jù. Mo rò pé ó fẹ́ lé mi lọ ni. Nígbà tó yá ni mo lọ sí parkrun tó wà nítòsí mi, níbi tí àwọn èèyàn ti jọ ń sáré tàbí rìn. Kìlómítà 5 ni, gbogbo Sátidé, aago 9, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé èmi ni màá kẹ́yìn. Àṣé wọ́n máa ń ní ẹnì kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa rìn lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kí ẹlòmíràn má baà kẹ́yìn láé. Èmi àti ìyá àgbà òyìnbó tó ń ṣe é lọ́jọ́ yẹn la jọ rìn dé òpin, ó ń sọ̀rọ̀ ológbò rẹ̀ fún mi. Mo sunkún nígbà tí mo délé, mi ò sì mọ ìdí.

Ọkàn mi ò dédé dáa. Ó tó ọ̀sẹ̀ kẹrin kí n tó gbọ́ ara mi tí mò ń kọrin ní balùwẹ̀. Ó ṣì máa ń fẹ́ padà wá ní oṣù November, ṣùgbọ́n mo ti mọ ojú rẹ̀.

Aláṣọ Òkè
Aránṣọ, ará Challenge ni wá! Àwa mẹ́rin máa ń pàdé nítòsí pápá ìṣeré Liberty ní Monday, Wednesday àti Sátidé. Ẹ má dá nìkan jáde ní aago 5 o, òkùnkùn, ajá, ọlọ́kadà tí kì í tan iná. Aago 6 kọjá la máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìró àti bùbá ni ọ̀kan nínú wa máa ń wọ̀, kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Lọ́jọ́ tí mi ò fẹ́ dìde, nítorí pé wọ́n ń dúró dè mí ni mo fi ń dìde.

Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi fújì sí i, ẹ jó. Tàbí kí ẹ bá àwọn ọmọbìnrin yín ta tẹn-tẹn. Ẹni tó bá rò pé kì í ṣe eré ìdárayá, kó ta á dé ogún.

Alábàárù Bódìjà
Ìyá Nọ́ọ̀sì, mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yín láti àná. Mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ Sunday. Ìyàwó mi máa ń pariwo pé kí n sinmi, ṣé ẹrù ọ̀sẹ̀ odindi ò tó ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Monday nìkan ni mo máa ń rí ara mi dáa.

Aránṣọ Challenge
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Mo ti rí dókítà, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ó sì fi mí mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mò ń bá àwọn Aláṣọ Òkè rìn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan ju ẹsẹ̀ tó ń ro mí lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Odó yẹn ṣì wà láyà mi láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ti rìn yípo lẹ́ẹ̀kejì, ó máa ń dà bíi pé wọ́n ti bá mi gbé apá kan rẹ̀. Lánàá tí mi ò lọ, ìyá ọkọ mi ló yọjú sí yàrá: "Ṣé o ò ní rìn lónìí ni? Má wá jókòó máa jágbe mọ́ wa o." Ọmọ mi kékeré sì na mí ní tẹn-tẹn, 20 sí 6.

Bàtà tí mò ń lò ti bó mi ní gìgísẹ̀. Níbo ni mo ti lè rí òkìrìkà tó dáa tí kò wọ́n?

Aláṣọ Òkè
Nọ́ńbà mélòó lẹ ń wọ̀? Mo ní ọ̀kan nílé tí ọmọ mi ò wọ̀ mọ́, 40 ni. Màá mú un wá ní Wednesday.