Àbọ̀ ìkẹyìn: sunflower tó ń wó àtèyí tí kóró rẹ̀ ń ṣófo

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè méjì ni mo gbé síbí lórí sunflower ẹ̀yìnkùlé ní Ṣàgámù: kí ló ń wó Mammoth, irú sunflower tó máa ń ga, lulẹ̀, kí ló sì dé tí kóró ProCut, irú mìíràn tí wọ́n ń gé sórí tábìlì, fi ń ṣófo? Ìdáhùn ti délẹ̀.

Mammoth máa ń ga ju mítà méjì àbọ̀ lọ. Bí ìgbẹ́ adìyẹ bá pọ̀ jù nídìí rẹ̀, igi rẹ̀ á kàn máa ga ni, á rọ̀. Ìjì òjò kan ṣoṣo ló kù tó máa wó o lulẹ̀. Ìgbẹ́ tó ti jẹrà dáadáa ni kẹ́ ẹ lò, níwọ̀nba. Ẹ fi àlàfo 50 sẹ̀ǹtímítà sáàárín wọn, kẹ́ ẹ sì ri ọ̀pá ọparun mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbin kóró. Bó bá dàgbà tán kẹ́ ẹ tó ri ọ̀pá, gbòǹgbò lẹ máa gún.

ProCut kì í ní lẹ́búlẹ́bú tí oyin ń gbé kiri. Àyàfi tí oyin bá gbé ti Mammoth wá bá a, èèpo lásán ló máa so. Òdòdó orí tábìlì nìyẹn, ó sì dára gan-an fún un, torí kì í da lẹ́búlẹ́bú sáṣọ tábìlì.

Teddy Bear, irú sunflower kẹta, ò ga, kò nílò ọ̀pá, àmọ́ òdòdó rẹ̀ ki, ó ń gba omi dúró, ó sì ń rà. Ẹ gbìn ín láàárín oṣù kẹsàn-án, kó lè tanná nígbà tí òjò bá ń lọ.

Ẹ fi àpò àlùbọ́sà bo orí Mammoth nítorí ẹyẹ. Bí ẹ̀yìn orí náà bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ gé e.