Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fẹ̀yìn tì gùn: báwo ni yóò ṣe dé Ìjẹ̀bú láì fọ́?

Ọmọ Ṣágámù ní Leeds
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ṣe é rí. Láti ìgbà tí àìsàn kan ti mú mi nínú etí lọ́hùn-ún, òòyì kì í jẹ́ kí n dúró lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́. Èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí èèyàn ń fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ wà níwájú, ni mò ń gùn báyìí, òun ló sì jẹ́ kí n tún lè máa jáde. Ní oṣù Kejìlá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ gùn ún láti Ṣágámù gba Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, ká dé Ìjẹ̀bú-Òde, ká sì parí rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni o. Ẹnì kan ní ká fi wọ́n ránṣẹ́ bíi kágò, pé kìlò 18 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Òkè-Èrì ní Utrecht
Àbúrò mi, ẹ kú ewu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún kágò òfuurufú. Àyè tí páálí bá gbà ni wọ́n ń gba owó lé lórí, kì í ṣe kìlò 18 yẹn. Ẹ fi gígùn páálí ṣe ìlọ́po fífẹ̀, ẹ tún fi gíga ṣe ìlọ́po rẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ wá fi 6,000 pín in. Páálí tó gùn ní 120, tó fẹ̀ ní 80, tó ga ní 60, kìlò 96 ni ìwé wọn máa sọ. Àwọn tó ń gbé ẹrù délé kíákíá, 5,000 ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń pín in, ìyẹn sì ju kìlò 115 lọ. Ẹ wá wo ti kẹ̀kẹ́ mẹ́ta.

Ẹ gbé e dání bí ẹrù ara yín. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ń gba kẹ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun èlò eré ìdárayá. Kìlò 23 ni wọ́n sáábà máa ń fàyè gbà. Ohun tó bá ti kọjá 32, wọn kì í gbé e pẹ̀lú ẹrù èrò. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n fi sọ́kàn ṣòfin. Tiwa fẹ̀: láti táyà iwájú kan sí èkejì sáábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 75 sí 85. Torí náà, ẹ ti kẹ̀kẹ́ bọ páálí, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sì gba ìdáhùn tó wà lákọsílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù ni mo gbà gbọ́. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ẹrù ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀, kẹ̀kẹ́ mi kò sì bá mi lọ. Mo dé Òkè-Èrì lọ́wọ́ òfo, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo ti ṣèlérí fún ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ó ń bọ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ wá ọkọ̀ tó ń lọ tààrà. Bí ẹ bá ní láti pààrọ̀ ọkọ̀, kékeré lè wà nínú wọn tí ẹnu ọ̀nà ẹrù rẹ̀ kò ní gba páálí yín.

Ó wá ku títú u. Ìjókòó àti táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ ó yọ. Irin gígùn iwájú tí pẹ́dà wà lórí rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi lẹ téèpù mọ́ ibi tó wọlé dé, torí òun la fi ń wọn ẹsẹ̀. Bí ẹ bá tò ó padà tó fi sẹ̀ǹtímítà méjì yàtọ̀, orúnkún á ti máa ro yín kí ẹ tó dé Ìkẹ́nnẹ́. Pẹ́dà òsì, bí ẹni ń dì í la ṣe ń tú u. Mo ti rí ẹni tó fi sípánà ba ojú rẹ̀ jẹ́ torí kò mọ̀. Ohun tó ń ti ṣéènì láti jíà kan sí òmíràn lẹ́yìn, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ìkọ́ rẹ̀, ẹ fi fóòmù wé e, ẹ so ó mọ́ inú férémù, òun ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Ṣéènì wa gùn tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti kẹ̀kẹ́ lásán. Ẹ má já a. Ẹ ká a pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà tó ń gbà kọjá, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó má baà yí ìjókòó lóróró.

Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, ẹ má yí gígùn wọn padà rárá. Bí táyà méjèèjì kò bá kọjú síbì kan náà, ilẹ̀ á jẹ wọ́n tán kíákíá, kẹ̀kẹ́ á sì wúwo lẹ́sẹ̀. Ẹ fi páálí kékeré há àárín páàdì bíréèkì. Tó bá jẹ́ oníòróró, tí agbẹ́rù bá ṣèèṣì tẹ ọwọ́ rẹ̀ láìsí nǹkan láàárín, páàdì á pàdé, yíyà wọn sì níṣẹ́ nínú.

Ọmọ Ìpẹru ní Houston
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Tèmi ní mọ́tò àti bátìrì ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Èrì ní Utrecht
Fi bátìrì sílé. Èyí tó bá ju Wh 160 lọ (Wh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́) kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú èrò, ti kẹ̀kẹ́ sì sáábà máa ń tó ìlọ́po méjì ìyẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ní London
Kọ̀ǹténà ni iṣẹ́ mi, òótọ́ ni màá sì sọ: fún ìrìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má gba ojú omi. Oṣù kan sí méjì kì í ṣe ohun tuntun kí ẹrù tó bọ́ sọ́wọ́ yín. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ bá fẹ́ fi sílé pátápátá ni kí ẹ gbé fún mi. Èyí tí ẹ bá gbé dání nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹ mú rìsíìtì rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára férémù. Bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá béèrè, ẹ sọ pé tara yín ni, pé ẹ ó gbé e padà, kí ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà hàn wọ́n.

Ọmọ Ìlíṣàn ní Toronto
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to kẹ̀kẹ́ sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ẹ háyà bọ́ọ̀sì tó lè gba páálí mẹ́ta, ẹ dé agbo ilé ní Ṣágámù, ẹ sùn, kí ẹ tò ó láàárọ̀. Ẹ má gùn ún lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìjókòó rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ jù, awakọ̀ tírélà kò ní rí yín. Kódà lójú ọ̀nà ìlú sí ìlú, ẹ ta àsíá pupa gíga sẹ́yìn.

Oṣù Kejìlá dára, òjò ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù Keje kó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà nípa ọjọ́ Agẹmọ, torí obìnrin kì í rí i, ọ̀nà kan á sì wà tí ẹ kò ní lè gbà.

Ẹ kó túùbù dání o. Ẹnu táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í bá póòmpù fọganáísà mu, àfi kí ẹ mú ìdérí kékeré tó ń sọ ọ́ di ti mọ́tò.

Ọmọ Ṣágámù ní Leeds
Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti wọn tèmi nínú páálí: 112, 70, 58. Mo ṣírò rẹ̀ ní ti kágò, ó lé ní kìlò 75! Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lálẹ́ yìí. Ọkọ mi ti lẹ téèpù pupa mọ́ irin iwájú.

Ọmọ Òkè-Èrì ní Utrecht
Ó ṣeun. Ẹ tún fi nǹkan tí kì í parẹ́ fàlà sí ẹ̀gbẹ́ téèpù náà, ooru lè ṣí i. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ni irin kọ̀ọ̀kan sí i lára, torí mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n sì jọra.